Epo tó ń sùn nínú ọkọ̀ ojú omi: Ta ló yẹ kó tọ́jú rẹ̀, ọlọ́kọ̀ àbí ìjọba?

Bí oṣù Kẹwàá bá ti ń parí lọ ní ìpínlẹ̀ Minnesota lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ jáde kúrò nínú adágún. Kì í pẹ́ lẹ́yìn náà tí omi yóò fi dì gbagidi, débi pé àwọn apẹja ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wa mọ́tò gba orí rẹ̀ kọjá. Títí di oṣù Kẹrin, nígbà mìíràn títí wọ oṣù Karùn-ún lápá àríwá ìpínlẹ̀ náà, ọkọ̀ ojú omi kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe.

Ọkọ̀ lè sùn. Ẹ́ńjìnnì náà lè sùn. Ṣùgbọ́n epo bẹntiróòlù tó wà nínú táǹkì kì í sùn. Láàrin oṣù bíi mẹ́fà yẹn, ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹnìkan bá ti tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ìdí rèé tí àwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ fi ń da oògùn sínú epo kí òtútù tó dé. Oògùn náà jẹ́ kẹ́míkà kan tí kì í jẹ́ kí epo tètè bà jẹ́, wọ́n sì ń tà á nínú ìgò kékeré ní ilé ìtajà gbogbo. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò ju ìgò yẹn lọ. Àmọ́ ìbéèrè ńlá kan wà lábẹ́ rẹ̀, tó kan ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti apẹja Tema gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ará Minnesota: bí ìjọba bá pàṣẹ pé kí wọ́n po nǹkan mìíràn mọ́ epo, ta ló máa ru ẹrù ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Ìdáhùn tó tọ́ ni pé ẹrù náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú epo rẹ̀. Ẹni tó sì po epo pọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí àpòpọ̀ náà kò bá lára mu. Níbi tí apá kejì yìí kò bá sí, ìgò oògùn kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Kí ló ń ba epo jẹ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí èèyàn bá ṣe gbé epo bẹntiróòlù kalẹ̀ náà ló ṣe máa bá a. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo yìí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, àdàlù ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà ni. Àwọn kan lára wọn fúyẹ́, wọ́n sì tètè ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn tó fúyẹ́ yìí gan-an ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè ṣáná nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù. Bí wọ́n bá ti lọ tán, epo ṣì wà nínú táǹkì lóòótọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì yóò máa kọ̀, yóò máa wú ikọ́.

Èkejì ni afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń kan epo fún ìgbà pípẹ́, àwọn èròjà kan nínú rẹ̀ a máa yí padà di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi. Ẹni tó bá ti ṣí kabúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ rí yóò mọ nǹkan náà: ó pọ́n, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti epo tuntun. Ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀ tóóró gan-an. Kò gba ìdọ̀tí púpọ̀ kó tó dí.

Ẹ̀kẹta ló le jù, òun náà ló sì mú kí ọ̀rọ̀ oògùn epo gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Èyí ni ethanol. Ọtí tó wà nínú ògógóró kò yàtọ̀ sí ethanol. Ní Minnesota, àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á sì po ìdá 10 rẹ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù nínú ìdá 100. Epo àti omi kì í dàpọ̀, ṣùgbọ́n ọtí àti omi kò lè rí ara wọn kí wọ́n má dì mọ́ra.

Bí ojú ọjọ́ bá wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, 100 lítà epo tó ní ethanol yìí lè gbé nǹkan bí ìdajì lítà omi mọ́ra láìsí wàhálà. Ẹ́ńjìnnì yóò jó o mọ́ epo, kò sì ní hàn. Bí òtútù bá ṣe ń le sí i ni ìwọ̀n omi tó lè gbé mọ́ra ń dín kù. Bí omi bá ti ju agbára rẹ̀ lọ, ọtí yóò fi epo sílẹ̀, yóò tẹ̀lé omi, àwọn méjèèjì yóò sì rì sí ìsàlẹ̀ táǹkì.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀bá ìsàlẹ̀ táǹkì ni ọ̀pá tó ń fa epo lọ sí ẹ́ńjìnnì máa ń dé. Nítorí náà, ohun tí ẹ́ńjìnnì yóò kọ́kọ́ mu lọ́jọ́ tó bá jí lójú oorun ni ọtí àti omi. Epo tó sì ṣẹ́ kù lókè kò pé mọ́, nítorí ethanol wà lára ohun tó ń gbé octane rẹ̀ sókè. Bí octane epo bá ti lọ sílẹ̀ ju èyí tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ lọ, ẹ́ńjìnnì á máa dún gbàgbàgbà, ó sì lè ṣe é ní jàm̀bá.

Èèyàn lè béèrè pé kí ló dé tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábàá ní ìṣòro yìí. Táǹkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní pa dé dáadáa, ẹni tó ń wà á sì máa ń jó epo inú rẹ̀ tán láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Táǹkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi ní ihò tó ń mí síta, orí omi ló ń gbé, epo ọjọ́ kan náà sì lè wà nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Ó yẹ kí a fi òótọ́ kan kún un, nítorí àwọn tó ń ta oògùn kì í fẹ́ sọ ọ́. Omi tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọ inú táǹkì kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìdérí ẹnu táǹkì tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, tí òjò ń gbà wọlé, àti epo tó ti ní omi nínú láti ilé epo, ló máa ń fa èyí tó pọ̀ jù. Kò sí oògùn tó lè rọ́pò rọ́bà tuntun lẹ́nu táǹkì.

Báwo ni ọtí ṣe dé inú epo?

Kì í ṣe ìwà ìkà ló gbé e débẹ̀. Minnesota jẹ́ ìpínlẹ̀ àgbẹ̀ alágbàdo. Èrò àwọn aṣòfin ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá po ethanol mọ́ epo, àgbẹ̀ yóò rí ọjà tà, èéfín olóró tó ń jáde lára ọkọ̀ yóò dín kù, owó tó ń lọ sórí epo òkèèrè náà yóò sì dín kù. Láti ọdún 1997 ni àpòpọ̀ yìí ti di dandan káàkiri ìpínlẹ̀ náà, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìjọba àpapọ̀ gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 2005, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lọ́dún 2007, pẹ̀lú àfojúsùn pé epo tí wọ́n ń rí látara irè oko àti irú rẹ̀ yóò tó bílíọ̀nù 36 gálọ́ọ̀nù lọ́dún 2022.

Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kọ́ ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ òfin yìí. Ìpínlẹ̀ New York àti Connecticut rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ́ MTBE ni wọ́n ń po mọ́ epo níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jò wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ tí aráàlú ń mu. Wọ́n fòfin dè é láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2004, ethanol sì gba ipò rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ tí wọ́n fi fibreglass ṣe táǹkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun dúdú kan nínú ẹ́ńjìnnì wọn. Ọtí náà ló ń yọ́ ara táǹkì. Ẹ́ńjìnnì bà jẹ́, táǹkì bà jẹ́, ọ̀pọ̀ ló sì ní láti la ilẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n tó lè yọ táǹkì ọ̀hún. Ìpinnu tó tọ́ ni láti dáàbò bo omi mímu. Àmọ́ ìpinnu tó tọ́ náà lè já lé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lórí.

Ibi tí Minnesota ti yàtọ̀ nìyí. Ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ fi dandan mú ethanol náà ló tún fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ nínú òfin rẹ̀. Wọ́n gbà kí ilé epo ta bẹntiróòlù tí kò ní ethanol, ìyẹn èyí tí octane rẹ̀ ga, fún ọkọ̀ ojú omi, alùpùpù, ọkọ̀ orí yìnyín, ẹ́ńjìnnì kéékèèké àti ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń tọ́jú pamọ́. Òfin náà sì pàṣẹ pé kí àkọlé wà lára ẹ̀rọ tó ń fa epo náà, tí yóò sọ irú epo tó jẹ́ àti ohun tó wà fún.

Ìpínlẹ̀ yìí ní ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 800,000 tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn aṣòfin rẹ̀ mọ̀ pé bí àgbẹ̀ bá jẹ́ ọmọ, apẹja kì í ṣe àlè. Epo tí kò ní ethanol wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ sùn fún oṣù mẹ́fà mọ ohun tó ń rà.

Àkọlé ara ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ọdún 2010 ni àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí epo tí ethanol inú rẹ̀ tó ìdá 15. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe láti ọdún 2001 síwájú ló wà fún. Òfin kà á léèwọ̀ fún ọkọ̀ ojú omi. Àmọ́ ẹni tó ń fi mọ́tò wọ́ ọkọ̀ ojú omi lọ sí adágún lè dúró sí ilé epo kan, kó bu epo sí táǹkì mọ́tò, kó sì na okùn kan náà sí táǹkì ọkọ̀ ojú omi tó wà lẹ́yìn. Bébà kékeré aláwọ̀ ọsàn tó wà lára ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣọ́ òun àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gba irú ọ̀nà yìí. Nígbà tí epo tó ní ìdá 10 ethanol di epo gbogbogbòò níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n fi èyí tí ethanol rẹ̀ kò ju ìdá 5 lọ sílẹ̀ ní ipò epo olówó gọbọi, fún àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn kò lè gba tuntun.

Wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú epo kí òtútù tó dé

Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi ń tẹnu mọ́ jù ni àkókò. Inú epo tuntun ni oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dènà kí afẹ́fẹ́ má tètè sọ epo di oje. Epo tó ti di oje tán, oògùn kò lè sọ ọ́ di tuntun. Epo tí ọtí rẹ̀ ti bá omi rì sísàlẹ̀, oògùn kò lè dá wọn padà. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá ra epo ìkẹyìn fún ọdún ló yẹ kí wọ́n da oògùn sí i, ní ìwọ̀n tí ìwé ara ìgò bá sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí yìnyín ti bo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Bí wọ́n bá da oògùn sínú táǹkì, epo tó wà nínú okùn, nínú asẹ́ àti nínú kabúrétọ̀ kò tíì rí nǹkan kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ so omi mọ́ ẹ́ńjìnnì kó má baà gbóná jù, kí wọ́n sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí epo olóògùn yóò fi dé ibi gbogbo. Ìta gbangba tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe èyí, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tó pa dé a máa pa èèyàn.

Àríyànjiyàn wà lórí bóyá kí táǹkì kún ni àbí kó ṣófo. Fún ọkọ̀ kékeré tí táǹkì rẹ̀ ṣeé gbé, ìdáhùn rọrùn: kí wọ́n da epo náà sínú mọ́tò bí kò bá ní òróró nínú, kí wọ́n sì gbé táǹkì sílẹ̀ lófìfo. Ọkọ̀ ńlá tí táǹkì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ọkọ̀ kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Táǹkì tó kún dé ìdajì ló burú jù, nítorí ààyè afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kó kún tó ìdá 95 nínú 100, kí díẹ̀ ṣẹ́ kù fún ìgbà tí epo bá wú nítorí ooru. Èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ dí ihò tí táǹkì ń gbà mí.

Díísù náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí omi bá wà nísàlẹ̀ táǹkì díísù, àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń gbé ní ààlà omi àti epo, wọ́n á sì di ọ̀rá dúdú tó ń dí asẹ́. Oògùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti bẹntiróòlù. Yíyọ omi kúrò nísàlẹ̀ táǹkì ni àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú méjèèjì.

Ṣé ọgbọ́n oníṣòwò ni oògùn epo?

Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò da nǹkan kan sínú epo rí, ẹ́ńjìnnì àwọn sì ń ṣáná ní gbogbo oṣù Karùn-ún. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní onírọ́. Epo tó jáde tuntun láti ilé epo tó ń tà dáadáa, nínú táǹkì tó pa dé, tó sì wà níbi tó tutù, lè pẹ́ ju bí àwọn olóògùn ṣe ń sọ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìgò kan wà lọ́jà tí ìlérí ara wọn ju agbára inú wọn lọ, pàápàá àwọn tó ń ṣèlérí pé àwọn á sọ epo tó ti kú di ààyè.

Ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò nira. Owó ìgò oògùn kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí mẹkáníìkì yóò gbà láti tú kabúrétọ̀ kan. Owó nìkan sì kọ́. Bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà, ẹni tó ń wà á yóò bọ́ sílẹ̀, yóò sì dúró lẹ́bàá títì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàrin adágún ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí omi ṣì tutù bíi ti inú fìríìjì, tí afẹ́fẹ́ sì ń tì ọkọ̀ lọ síbi àpáta, kò sí ẹ̀bá títì níbẹ̀. Omi tútù yẹn lè gba agbára lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kí ló kan ìwọ̀-oòrùn Áfríkà níbẹ̀?

Adágún kì í dì ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í dì ní Cotonou. Ṣùgbọ́n òtútù nìkan kọ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì sùn. Ọkọ̀ tí kò rí owó tún ṣe ń sùn. Ọkọ̀ apẹja ń sùn nígbà tí ẹja bá wọ́n. Ooru àti ọ̀rinrin etí òkun kì í sì í jẹ́ kí epo pẹ́ tó bó ṣe máa ń pẹ́ níbi tó tutù. Ooru ń lé àwọn èròjà tó fúyẹ́ lọ, ó sì ń mú kí oje tètè dì.

Ghana jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere. Lọ́dún 2019, ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn apẹja tó ń lo ọkọ̀ kéékèèké sinmi iṣẹ́ láti ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, kí ẹja lè rí ààyè bí sí i. Epo tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní premix, bẹntiróòlù tí wọ́n ti po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́, tí ìjọba ń san lára owó rẹ̀. Bí irú epo bẹ́ẹ̀ bá jókòó sínú kabúrétọ̀ fún oṣù kan, bẹntiróòlù yóò fẹ́ lọ, òróró yóò sì ṣẹ́ kù. Ẹja ti sinmi, apẹja ti sinmi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìjọba bá ṣí òkun padà, ẹ́ńjìnnì lè kọ̀ láti ṣáná. Ẹni tó bá ní kí apẹja gbé ọkọ̀ sílẹ̀ yẹ kó fi ìmọ̀ràn bí yóò ṣe gbé e sílẹ̀ kún àṣẹ náà. Kò ná ìjọba ní nǹkan kan láti kéde ní etíkun pé kí wọ́n fa okùn epo yọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó èyí tó wà nínú kabúrétọ̀ tán kó tó kú.

Ní Nàìjíríà, inú kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó lítà kan ti fò sókè kọjá 1,000 náírà nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí. Ẹni tó bá rí epo rà a máa rà á pamọ́ sí kẹ́ẹ̀gì, ìbáà ṣe fún jẹnẹrétọ̀ tàbí fún ọkọ̀ ojú omi. Kẹ́ẹ̀gì á wà nínú oòrùn, ìdérí rẹ̀ kò ní pa dé dáadáa, kò sì sí ẹni tó kọ ọjọ́ tí wọ́n rà á sí i lára. Bí epo náà bá bà jẹ́, owó ńlá ló ṣòfò yẹn, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í dà á nù. Wọ́n á po ó mọ́ tuntun, ẹ́ńjìnnì á sì jìyà rẹ̀.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni epo tí ẹni tó rà á kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA tó ń mójú tó epo rọ̀bì kéde pé bẹntiróòlù kan tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin Nàìjíríà gbà lọ ti wọ inú ọjà. Methanol jẹ́ ìbátan ethanol, ìfẹ́ òun àti omi sì le ju ti ethanol lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó epo náà kúrò nílẹ̀, ọ̀wọ́ngógó epo sì tẹ̀lé e fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kò sí àkọlé lára ẹ̀rọ ilé epo kankan tó kìlọ̀ fún ẹni tó wá rà á. Kò sí ìgò oògùn tí ọlọ́kọ̀ kan ì bá dà sí i tí yóò tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà kan lórí epo tí wọ́n ń rí látara irè oko, tó ní í lọ́kàn láti po ìdá 10 ethanol mọ́ bẹntiróòlù. Ẹ̀gẹ́ àti ìrèké ni wọ́n gbójú lé. Èrò náà dára fún àgbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe dára fún àgbẹ̀ alágbàdo ní Minnesota. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ethanol bá di ti gbogbogbòò ní Nàìjíríà, yóò dé inú ọkọ̀ tó ń kó èrò láti Ìkòròdú, yóò dé inú ọkọ̀ apẹja Ìlàjẹ, yóò sì bá afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin ní gbogbo ọdún níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó kú láàrin ọ̀sà pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kò wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kabúrétọ̀ mọ́.

Kí ló yẹ kí wọ́n ṣe?

Ọlọ́kọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba. Kó ra ìwọ̀n epo tó lè lò láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kó kọ ọjọ́ tó rà á sára kẹ́ẹ̀gì. Kó pa ìdérí rẹ̀ dé, kó gbé e síbi tí oòrùn kì í pa, tó sì jìnnà sí iná àti sí yàrá tí èèyàn ń sùn. Kó fi asẹ́ tó ń ya omi kúrò lára epo sí ojú okùn. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ jókòó ju oṣù kan lọ, kó jó kabúrétọ̀ gbẹ. Bó bá lè rí oògùn epo gidi rà, kó lò ó nígbà tí epo ṣì jẹ́ tuntun. Epo tó bá sì ti bà jẹ́, kó má ṣe dà á sínú ọ̀sà, nítorí ẹja tó fẹ́ pa lọ́la wà níbẹ̀.

Ìjọba ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí ọlọ́kọ̀ kò lè ṣe. Ọlọ́kọ̀ kò lè gbé epo lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ó yẹ kí àyẹ̀wò epo wáyé kí ọkọ̀ tó gbé e dé tó já ẹrù rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó ti ba ẹ́ńjìnnì aráàlú jẹ́. Ó yẹ kí ohun tó wà nínú epo wà ní kíkọ lára ẹ̀rọ tó ń fà á, ní èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Kí wọ́n tó po ẹyọ ìdá kan ethanol mọ́ epo Nàìjíríà, ó yẹ kí òfin ti sọ ibi tí ọlọ́kọ̀ ojú omi yóò ti rí èyí tí kò ní ethanol rà, kí owó rẹ̀ má sì ju agbára rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àwọn ará Minnesota ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ pé epo tó jókòó ń bà jẹ́, wọ́n sì ti kọ́ ọ débi pé ó wọ inú òfin wọn. Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà lè kọ́ ọ láti orí ẹ̀rọ ilé epo àti láti ara kẹ́ẹ̀gì, tàbí kó dúró kọ́ ọ láàrin ọ̀sà. Kíkọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ ló rọrùn jù.